Ojú Tó Wà Lápá Òsì

Ẹni tó bá lọ sílùú òyìnbó, wọ́n lè bú u láti àárọ̀ dalẹ́, kó máa rẹ́rìn-ín, kó ní wọ́n ń kí òun ni. Ìlú tí èmi lọ, gbogbo èébú ibẹ̀ ló yé mi. Kò sí ẹyọ kan tó bọ́ sílẹ̀. Èdè ìyá mi ni wọ́n fi bú mi.

Kétu ni wọ́n ti bí mi, ìlú Yorùbá tó bọ́ sọ́wọ́ àwọn Faransé nígbà tí àwọn òyìnbó ń pín ilẹ̀ onílẹ̀ láàrin ara wọn. Ìbàdàn ni mo wá ṣiṣẹ́ sí, nígbà tí gbogbo èèyàn ń sọ pé owó wà ní Nàìjíríà. Kí èmi tó dé, owó náà ti ń palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Mo rò pé yóò rí bí ìgbà tí èèyàn kó láti yàrá kan bọ́ sí yàrá kejì. Ọjọ́ kejì tí mo dé Agbowó, mo kí obìnrin kan tó ń ta kẹrosíìnì, mo kí i dáadáa, díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀. Ó dá mi lóhùn, ó wá kọjú sí ẹnì kejì rẹ̀ kí n tó kọjá tán.

“Àgànyìn yìí mà gbọ́ Yorùbá o!”

“Wọ́n máa ń gbọ́ ọ,” ni ẹnì kejì wí. “Kí wọ́n lè rí nǹkan jí ni.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Bí mo ṣe rí nìyẹn. Tí ẹ bá gbá mi létí, n óò kọ́kọ́ bi yín bóyá ọwọ́ kò dùn yín.

Iṣẹ́ ọkọ̀ ni mo mọ̀ díẹ̀. Ìwé tí mo kà nílé kò tó ohun tí à ń fi fọ́nnu. Olùkọ́ mi fúnra rẹ̀ ló sọ fún bàbá mi pé kó má fowó ṣòfò mọ́. Nítorí náà mo lọ bá Ọ̀gá Lámídì, mẹkáníìkì kan tó ń tún àwọn ọkọ̀ àtijọ́ ṣe lẹ́bàá ọ̀nà ní Agbowó. Èèyàn kúkúrú ni, ohùn rẹ̀ ga jù ú lọ. Àárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí n mú pílọ́ọ̀gì wá, mo dúró. Búsí ni à ń pè é nílé. Ó ní kí n tẹ bíréèkì, mo tún dúró. Fúrẹ́ǹ ni mo mọ̀ ọ́n sí.

“Ṣé etí ẹ di ni?”

“Rárá, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ yín ni kò tíì débẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí táyà. Mo ka ìyẹn sí ìṣẹ́gun mi àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn, pé wọ́n rẹ́rìn-ín sí ohun tí mo sọ, kì í ṣe sí bí mo ṣe sọ ọ́.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti gbọ́ nípa ìjàpá Bódìjà. Ẹ̀yin tí ẹ kéré, ìjàpá ni à ń pe ọkọ̀ kékeré tó rí roboto bí igbá náà, tí ẹńjìnnì rẹ̀ wà níbi tí àwọn ọkọ̀ yòókù ń kó ẹrù sí. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló ni ín. Ó rà á nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń gba apá òsì ọ̀nà ní Nàìjíríà, nítorí náà apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà. Nígbà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ bọ́ sí apá ọ̀tún ọ̀nà, àwọn ẹgbẹ́ bàbá gbé sítíárìn tiwọn kọjá sí òsì, àwọn mìíràn ta ọkọ̀ wọn. Bàbá kò ṣe ìkankan. Ó gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò ó. Nígbà tí mo fi máa débẹ̀, adìyẹ ti ń yé sórí ìjókòó ẹ̀yìn.

“O ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ayùn gé e o,” ni bàbá wí.

“Ọlọ́run ò ní jẹ́, bàbá.”

Ó tà á fún mi lówó tó jẹ́ pé àánú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó sì fi ẹyin kún un.

Ilẹ̀ ọkọ̀ náà ti jẹrà. Bí ẹ bá wo ẹsẹ̀ yín, ẹ ó rí títì tó ń sá lọ lábẹ́ yín. Mo gé páànù òrùlé, mo fi tẹ́ ẹ. Iná iwájú kan ti fọ́, mo fi ti alùpùpù rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ náà wá ń wo èèyàn bí ẹni tó ń ṣẹ́jú. Nígbà tí bẹ́líìtì fáànù já ní Baṣọ̀run, ìbọ̀sẹ̀ obìnrin, èyí gígùn tó ń fà, ni mo so dípò rẹ̀, ó sì gbé wa délé. Bátìrì rẹ̀ wà lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn. N kò mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí màmá kan tó sanra wọlé ní Ọ̀jọ́ọ̀, tí irin ìjókòó tẹ̀ wálẹ̀ kan orí bátìrì.

“Dírẹ́bà, ìdí mi ń gbóná!”

“Ẹ má bínú, màmá, oòrùn ni.”

“Oòrùn wo ló ń wọ ibẹ̀?”

Èéfín ló bá mi dáhùn. Lẹ́yìn ìyẹn mo gé rọ́bà inú táyà bo orí bátìrì, n kò sì sọ pé oòrùn ni mọ́.

Ṣùgbọ́n eré ni gbogbo ìyẹn. Sítíárìn gan-an ni ọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ń gba apá ọ̀tún ọ̀nà, èmi náà sì jókòó sápá ọ̀tún ọkọ̀, ní bèbè gọ́tà. Kò sí koríko ẹ̀bá ọ̀nà tí n kò mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ àjàgbé kan bá wà níwájú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mò ń rí. Kí n tó lè mọ̀ bóyá nǹkan ń bọ̀ níwájú, mo gbọ́dọ̀ ti gbogbo ara ọkọ̀ jáde sáàrin títì. Kí ojú mi tó débẹ̀, imú ọkọ̀ á ti débẹ̀, ikú náà lè ti débẹ̀. Ẹni tó jókòó lápá òsì mi nìkan ló lè rí i lásìkò. Ràsákì ni ẹni yẹn.

Ọmọ àbúrò bàbá mi ni Ràsákì. Ó wá bá mi ní Ìbàdàn, a jọ ń gbé yàrá kan ní Agbowó. Kò mọ ọkọ̀ wà, kò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yọrí síta, kó sọ ohun tó rí. Bó bá ní “Ẹ̀gbọ́n, ó dá!”, ọ̀nà ṣófo nìyẹn. Bó bá ní “Ó ń bọ̀!”, kí n yáa padà sẹ́yìn ẹni tó wà níwájú. Kabúkabú la fi ìjàpá ṣe, láti Mọ́níyà wọ ìlú. Bí èrò bá rí Ràsákì níwájú, wọ́n á ní kó sún, àyè ṣì wà. Màá ní àyè ò sí, ojú mi ló wà níbẹ̀. Wọ́n á rò pé òwe ni mò ń pa.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí a máa yà lára ọkọ̀ agbégi, a ti tẹ̀ lé e láti Mọ́níyà, èéfín rẹ̀ ti kún ọ̀fun wa.

“Ẹ̀gbọ́n, ó dá!”

“Ṣé ó dá lóòótọ́?”

“Ó dá!”

“Fi bàbá ẹ búra.”

“Ẹ̀gbọ́n, kí n tó búra tán, kò ní dá mọ́!”

Mo dijú, mo tẹ ẹ́. Ẹ má bínú sí mi. Ojú mi kò wúlò lákòókò yẹn, kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Nígbà tí mo là á, ọ̀nà ló wà níwájú, gbọọrọ, ọkọ̀ agbégi ti wà lẹ́yìn. Àwọn èrò pàtẹ́wọ́. Ẹnikẹ́ni kò tíì pàtẹ́wọ́ fún mi rí nílùú yẹn, wọn kò sì tún pa á mọ́.

Bí ọwọ́ wa bá yọ díẹ̀, a máa ń lọ sí ilé tẹlifóònù ní Dùgbẹ̀. A ó jókòó sórí bẹ́ńṣì títí wọ́n á fi pè wá sínú àpótí onígíláàsì. Ìpè náà á lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ Kétu, wọ́n á rán ẹnì kan lọ pe ìyá mi. Bí ìyá mi bá dé, kì í gbà pé ẹ̀rọ ló ń gbé ohùn. Agbára òun ló gbọ́kàn lé. Àwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì níta máa ń gbọ́ ọ.

Mo ti fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sílé, èmi àti Ràsákì nínú ìjàpá, tí à ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn gíláàsì. Oòrùn tàn sórí gíláàsì náà débi pé sítíárìn kò hàn. Ní Kétu, wọn ò rí ọkọ̀ tí sítíárìn rẹ̀ kò sí lápá òsì rí.

“A rí ọ o!” ni ìyá mi ń pariwo. “Gbogbo àdúgbò ló rí ọ! Ọlọ́run ṣe é! O ti ní dírẹ́bà!”

“Ìyá, èmi ni mò ń wà á.”

“Ìwọ wo? A rí ọ lápá ọ̀tún, o jókòó bí ọba. Ràsákì ló ń gbé ọ kiri.”

Kí n tó ṣàlàyé, ẹnì kan já tẹlifóònù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Ràsákì ni.

“Ìwọ yìí! Mo ní kó wá bá ọ kó lè di èèyàn, o wá sọ ọ́ di dírẹ́bà ara rẹ?”

“Ìyá, kì í ṣe dírẹ́bà mi. Kò tilẹ̀ mọ ọkọ̀ wà.”

“Háà! Kò mọ̀ ọ́n wà, o sì ń jẹ́ kó gbé ọ kiri? Ṣé o fẹ́ pa á ni?”

Ràsákì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi títí ó fi di ògiri mú. Àkókò wa pé, wọ́n gé e. N kò rí ọ̀rọ̀ náà tún ṣe mọ́ láé.

Mo máa ń ronú lórí fọ́tò yẹn. Nílé, èèyàn ńlá ni mí, wọ́n ń gbé mi kiri. Ní Ìbàdàn, Àgànyìn kan ni mí tó jókòó síbi tí kò yẹ kí dírẹ́bà jókòó. Bí mo bá sọ̀rọ̀ ní Agbowó, wọ́n ní ahọ́n mi ń fà. Bí mo bá sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù, ìyá mi ní mo ti ń la ẹnu bí ará Ìbàdàn. Ó dà bíi pé ohùn mi wà lójú ọ̀nà níbì kan, tí kò dé ibi tó ń lọ, tí kò sì lè padà. Inú ìjàpá nìkan ni mo ti máa ń gbàgbé gbogbo èyí, bí Ràsákì bá ti ń pe ọ̀nà. Ohun tó bá rí, òun ni mò ń gbọ́. Ohun tí mo bá gbọ́, òun ni mò ń ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ní ojú ara yín kò lè mọ bí ó ṣe tuni lára tó.

Ó wá di ọdún tí rédíò sọ pé kí àwọn àjòjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn. Èmi ní ìwé, nítorí pé ọmọ Ṣakí ni ìyá mi, àwọn ẹbí rẹ̀ sì ti jẹ́rìí sí mi. Ràsákì kò ní ẹnì kankan ní Ṣakí. Obìnrin tó ń ta kẹrosíìnì bi wá pé, “Ṣé ẹ̀yin náà ń lọ?”, ó rọ ohùn bí ẹni tó ń bẹ aláìsàn wò. Èébú rẹ̀ ìjọ́sí sàn jù ú lọ.

“Ẹ̀gbọ́n, èmi ń lọ,” ni Ràsákì wí. “Ìlú tó bá ní kí n máa lọ, n kò ní dúró kó tún un sọ. Ọ̀rọ̀ yín ló kù. Ta ni yóò máa wo ọ̀nà fún yín?”

“Èmi náà lè máa bọ̀.”

“Ẹ máa bọ̀ kẹ̀.”

“Ọkọ̀ ńkọ́?”

Wọ́n ti ti ẹnubodè mọ́ ọkọ̀, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ rà á. Gbogbo ohun tí mo ní láyé wà nínú páànù yẹn. Ṣé kí n fi í sílẹ̀ kí n fẹsẹ̀ rìn wọ Kétu, èmi tí wọ́n rí nínú fọ́tò? Ẹ̀rù ń bà mí láti lọ, ẹ̀rù ń bà mí láti dúró. Àwọn ẹ̀rù méjèèjì sì dọ́gba, mo bá jókòó síbi tí mo wà.

Ohun kan ló kù, ká gbé sítíárìn kọjá sí òsì kí Ràsákì tó lọ. Bí ìyẹn bá ṣeé ṣe, màá lè dá ọkọ̀ wà, màá lè jẹun. Bí kò bá ṣeé ṣe, afọ́jú ni mí lórí títì. Mo lọ bá Ọ̀gá Lámídì.

“Ìyẹn nìkan?” ó ní. “Mo ti ṣe irú ẹ̀ rí.”

“Ìjàpá, ọ̀gá?”

“Ọkọ̀ ni. Ìjàpá kì í ṣe ọkọ̀ ni?”

Ó fi ayùn gé e. Ó gbé bíréèkì àti kílọ́ọ̀ṣì kọjá, ó jó irin mọ́ irin, ó gbé àpótí irin kékeré tí sítíárìn fi ń yí táyà láti ọ̀tún lọ sí òsì. Nígbà tó parí, mo jókòó sápá òsì fún ìgbà àkọ́kọ́. Mo rí ọ̀nà. Mo rí i lọ títí dé ibi tó ti ṣẹ́ kọ́nà. Omi bọ́ lójú mi, mo ní èéfín ni.

Pápá kan wà lẹ́yìn ibi tí Ọ̀gá Lámídì ti ń ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ la ti fẹ́ dán an wò. Àwọn oníbúlọ́ọ̀kù wà lápá ọ̀tún pápá náà, wọ́n ti to búlọ́ọ̀kù tútù sílẹ̀ kó gbẹ. Mo rọra tẹ ẹ́, mo yí sítíárìn sí òsì láti yà fún wọn. Ìjàpá yà sí ọ̀tún. Mo yí i sí òsì gan-an. Ó yà sí ọ̀tún gan-an. Kí n tó rántí pé bíréèkì wà, a ti wà láàrin búlọ́ọ̀kù.

“Orí ẹ ò pé ni?” ni oníbúlọ́ọ̀kù ń ké. “O rí wa, o tún ń yí i!”

“Mò ń sá fún yín ni!”

“Bí wọ́n ṣe ń sá fún èèyàn nílùú yín nìyẹn?”

Ọ̀gá Lámídì sáré dé. Ó yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń wo táyà. Apá ọ̀tún ni wọ́n ṣe àpótí irin yẹn fún. Nígbà tó bá ara rẹ̀ lápá òsì, gbogbo nǹkan ló yí padà fún un, bí ìgbà tí èèyàn ń wo ara rẹ̀ nínú dígí.

“Kò burú,” ó wí nígbẹ̀yìn. “O kàn máa yí i sí òdìkejì ni. Ó máa mọ́ ẹ lára.”

“Ọ̀gá, kí n fi gbogbo ayé mi máa yí sí ibi tí n kò lọ?”

“Ṣebí bẹ́ẹ̀ náà lo ṣe dé Ìbàdàn?”

Ẹ má rò pé n kò gbìyànjú rẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń yí i nínú pápá, tí Ràsákì jókòó sórí òkúta tó ń wò mí. Bí ọkàn mi bá balẹ̀, mò ń ṣe é dáadáa. Ṣùgbọ́n ọkàn mi kì í balẹ̀. Ewúrẹ́ kan ṣoṣo ló máa yọ, ọwọ́ mi á sì yí síbi tó mọ̀ láti kékeré, ewúrẹ́ náà á wá rí i pé òun ni mò ń lé.

Ọ̀gá Lámídì ní kò sóhun tó kù ju ká rí àpótí irin ti apá òsì. Ó wá a kiri lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àtijọ́. Tuntun kò wọlé mọ́ lákòókò yẹn, ẹni tó sì ní àlòkù dì í mú bí ogún bàbá rẹ̀. Èyí kan ṣoṣo tó rí ti là. Nígbà tí ọjọ́ tí rédíò dá kù sí dẹ̀dẹ̀, ó gbé sítíárìn padà sí ọ̀tún. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi, kò sì wo ojú mi.

Mo fi ìjàpá gbé Ràsákì lọ sí Challenge. Ní Ring Road, ó ń pe ọ̀nà fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀, àmọ́ ohùn rẹ̀ ti kéré. Ní ibùdókọ̀, ẹnì kan tó ń pe èrò ẹnubodè ti rí àpò Ràsákì.

“Ará Kútọnu, ẹ wọlé síbí! Wọ́n lé yín, ẹ tún ń rọra rìn!”

Ràsákì yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yà lára ẹnikẹ́ni. Bó ti wù kó rọra tó, ẹ máa tẹ̀ lé e.”

“Tí n kò bá wá tètè dé ńkọ́?”

“Ẹ ó kàn pẹ́ ni.”

Ó bọ́ sílẹ̀. Ó ti ilẹ̀kùn náà jẹ́jẹ́, nítorí ó mọ̀ pé tí èèyàn bá pa á gbá, gíláàsì á já sínú.

Láti ìgbà náà, ẹni tí n kò mọ̀ rí ló ń jókòó lápá òsì mi, mo sì ń bẹ̀ wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní, “Ẹ̀yin lẹ̀ ń wà á, àbí èmi?” Tíṣà kan gbà láti bá mi wò ó, ó ní ó jọ pé kò sí nǹkan. Mo ní ṣé ó jọ ni, àbí kò sí. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ìyá àgbà kan wà, bí mo bá ti bi í báyìí, àdúrà ló máa bẹ̀rẹ̀, n kò sì mọ èyí tó túmọ̀ sí pé kí n lọ nínú rẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ̀ lé ọkọ̀ agbégi títí dé Dùgbẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí àwọn èrò Mọ́níyà fi mọ ìjàpá olójú kan náà, bí wọ́n bá ti rí i lókèèrè, wọ́n á gbójú sókè bí ẹni tó ń wo òjò.

Mo pe ilé lẹ́ẹ̀kan. Ìyá mi bèèrè ẹni tó ń gbé mi kiri, nígbà tí Ràsákì ti padà dé.

“Mo ti gba òmíràn,” mo ní.

“Ṣé ó mọ iṣẹ́?”

“Ó ń gbìyànjú, ìyá.”

Ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, mò ń bọ̀ láti Mọ́níyà, èmi nìkan. Mo bá ọkọ̀ àjàgbé kan tó dúró níwájú. Mo rò pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni, mo dúró sẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ń yà lára mi, wọ́n ń fọn fèrè. Mo ní àwọn èèyàn yìí kò ní sùúrù. Mo pa ẹńjìnnì kí epo má baà tán. Obìnrin kan tó ń yan àgbàdo lódìkejì títì wò mí títí, ó wá sọdá, ó kan gíláàsì.

“Dírẹ́bà, kí lẹ̀ ń dúró dè?”

“Ẹni tó wà níwájú yìí ni. Bó bá lọ, mo lọ.”

Ó wo ọkọ̀ àjàgbé náà, ó wò mí. Kò rẹ́rìn-ín. Ì bá sàn kó rẹ́rìn-ín.

“Ẹni tó wà á ti lọ sílé láti ìjẹta,” ó ní. “Wọ́n ti tú ẹńjìnnì rẹ̀ lọ.”

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó bá mi wo iwájú bóyá nǹkan ń bọ̀, kí n lè jáde. Ó na ọrùn, ó la ẹnu. Ẹnì kan ké láti òdìkejì pé àgbàdo rẹ̀ ń jóná, ó sì sáré padà láìsọ ohun tó rí.

Mo ṣáná sí ẹńjìnnì. Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ kan, n kò mọ̀ bóyá ó ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ. Mo tún pa á.